Pupa Bí Ìyeyè

"Ọmọ ibo ni yín?"

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ní Mushin nìyẹn, lẹ́nu ẹ̀rọ omi, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé. Mo ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Obìnrin tó bi mí ń fọ aṣọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbójú sókè, ó ní, "Agbo ilé wo?" Mo dárúkọ agbo ilé bàbá mi bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ó ní, "Ibo ló wà níbẹ̀? Ẹ júwe ẹ̀ fún mi, ibẹ̀ ni wọ́n bí èmi náà sí."

N kò lè júwe rẹ̀. N kò fi ẹsẹ̀ kan Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Kùmásí ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti parí ìwé mẹ́wàá, ibẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn, ibẹ̀ ni a sin bàbá mi àti ìyá mi sí. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó pe ẹnì kejì rẹ̀, "Ẹ wá wo ọmọ Gánà o! Kò mọ ilé bàbá ẹ̀." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni orúkọ mi ti di Àǹtí Gánà ládùúgbò.

Ní Kùmásí, àlejò ni wọ́n ń pè wá. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé máa lọ, a di ẹrù wa, a ní à ń lọ sílé. N kò mọ̀ pé èèyàn lè dé ilé, kí wọ́n tún máa kí i káàbọ̀ lójoojúmọ́. Yorùbá tí wọ́n ń sọ ní Èkó yára ju etí mi lọ, gẹ̀ẹ́sì sì pọ̀ nínú rẹ̀. Tèmi, wọ́n ní ó dà bí ti ìyá àgbà. Ìyá mi ló kọ́ mi, ìyá rẹ̀ ló sì kọ́ òun kó tó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé lọ ni a ń lò. A ò mọ̀ pé àwọn tó dúró sílé ti pààrọ̀ tiwọn.

Mo lè fara da gbogbo ìyẹn. Ohun tí n kò lè fara dà ni pé ọmọ mi kò sí lọ́dọ̀ mi.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Kwámé ni bàbá rẹ̀, ọmọ Àṣàńtí, akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ àwọn tó ń ta gẹdú. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ ti túká kí n tó kúrò níbẹ̀, láìjà láìta. Nígbà tí mo fẹ́ máa bọ̀, ọmọ wà nílé ẹ̀kọ́, ojú ọ̀nà kò dára, Kwámé ní kí n jẹ́ kó dúró ná. Mo ní tí mo bá ti ríbi jókòó, màá ránṣẹ́ sí i.

Èkó ni mo ti wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo dé sí, Bọ̀ọ̀dá Jéékọ́bù, tó ń la pákó ní Èbúté Mẹ́tta. Yàrá méjì ni òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn ń gbé. Mo dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan bí a ṣe ń jẹun.

"Ọmọ ta lo fẹ́ lọ mú wá?" ó bi mí.

"Ọmọ mi ni, Bọ̀ọ̀dá."

"Ìwọ lo bí i, mo gbọ́. Ṣé bàbá ẹ̀ kú ni?"

"Kò kú, sà."

"Ṣé ó lé e jáde ni?"

"Kò lé e jáde."

"Ó dáa. Ọmọ bàbá ẹ̀ ni. Jẹ́ kó wà nílé bàbá ẹ̀. Níbo lo ti rí i tí wọ́n ń gbé ọmọ wá sílé àna?"

Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn Àṣàńtí, ìdílé ìyá ló ni ọmọ. Bí ọkùnrin Yorùbá bá fẹ́ obìnrin Àṣàńtí, ìhà méjèèjì ni yóò máa fa ọmọ wọn mọ́ra. Èmi ni mo ṣe é sí òdì kejì. Nílé Kwámé, àwọn arábìnrin rẹ̀ ń wo ọmọ mi bí ọmọ àna, pẹ̀lú inú rere. Wọ́n ń retí ìgbà tí àwọn èèyàn ìyá rẹ̀ máa wá mú un. Ní Mushin, àwọn èèyàn ìyá rẹ̀ ní ọmọ bàbá rẹ̀ ni.

Iṣẹ́ tí mo rí wà ní yàrá àyẹ̀wò kan ní ilé ìwòsàn ńlá kan, kò jìnnà sí Mushin. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni, kì í ṣe ti ìjọba pátápátá, nítorí pé ìwé ẹ̀rí mi kì í ṣe ti ibí. Dókítà Bándélé ni ọ̀gá wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í jókòó. Bọ̀ọ̀dá Múrí ni ẹnì kejì mi, ọmọ Ìjẹ̀bú, ó ti pẹ́ nídìí maikirosikóòpù ju gbogbo wa lọ, ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ kì í sì í tán.

Àrùn kídìnrín kan wà tó ń ṣe àwọn ọmọdé nígbà náà. Ojú wọn á wú, ikùn wọn á wú, bàtà wọn kò ní wọ ẹsẹ̀ wọn mọ́. Oògùn líle kan ń wo àwọn kan nínú wọn sàn. Àwọn mìíràn, tó jẹ́ pé ibà ló ba kídìnrín wọn jẹ́, oògùn yẹn kan náà tún ń dá kún ìyà wọn ni. Bí a bá wo àwọn ọmọ náà lójú, a kò lè mọ ìyàtọ̀. Dókítà á fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú kídìnrín ọmọ, kò ní tó orí ìṣáná, á gbé e fún wa.

Pùròtéènì méjì ni ó fẹ́ rí nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ni èyí tí ara ọmọ náà fúnra rẹ̀ ṣe láti bá àrùn jà. Èkejì ni èyí tí kòkòrò ibà gbé wọlé. Áńtíbọ́dì ni a fi ń wá wọn. Áńtíbọ́dì kọ̀ọ̀kan mọ pùròtéènì tirẹ̀. Á kọjá lára gbogbo èyí tó kù, tó bá sì bá tirẹ̀, á dì mọ́ ọn. Wọ́n ti so aró mọ́ wọn láti ìlú òyìnbó. Lábẹ́ iná maikirosikóòpù, nínú yàrá tí a fi aṣọ dúdú bo fèrèsé rẹ̀, èkínní á tàn bí ewé tútù, èkejì á tàn bí ẹyin iná. Bí méjèèjì bá wà lójú kan náà, àwọ̀ wọn á pò pọ̀, á di àwọ̀ kẹta. Àwọ̀ kẹta yìí ni Dókítà ń wá. Òun ló máa sọ pé ibà ló fa àrùn náà, kí wọ́n má fún ọmọ yẹn ní oògùn líle.

Iṣẹ́ tèmi ni gígé àti fífọ̀. Màá mú ẹran ara tó ti dì gbagidi, màá gé e títí tí ìmọ́lẹ̀ á fi máa là á kọjá, màá tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, màá kán áńtíbọ́dì sí i, màá gbé e sínú àpótí olómi kó má baà gbẹ. Lẹ́yìn náà, màá fi omi oníyọ̀ fọ̀ ọ́. Tí a kò bá fọ̀ ọ́ tó, gbogbo rẹ̀ á máa tàn, irọ́ ni gbogbo rẹ̀ á sì jẹ́. Ohun tó kàn jókòó sórí ẹran náà lásán, omi á gbé e lọ. Ohun tó dì mọ́ tirẹ̀ á kù.

Tí mo bá ń rọra mi àwo yẹn, ọmọ mi ni mo máa ń rò. Ọdún ń fọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún, n kò sì mọ ohun tó máa kù.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Yábàá ni mo ti ń pè é. Wọ́n á gba nọ́ńbà ibi iṣẹ́ Kwámé, níbi tí ọmọ ti ń dúró dè mí ní Sátidé, lọ́wọ́ mi, màá jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn tó ń pe Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn tó ń pe Kánò. Nígbà mìíràn wọ́n á pè mí. Nígbà mìíràn wọ́n á ní ọ̀nà kò já gaara, kí n padà wá ní Sátidé mìíràn. Tí mo bá ń padà sílé nírọ̀lẹ́, èéfín ẹja láti Mákòókò á ti dé ìdí ọ̀nà rélùwéè. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé Kùmásí rí mọ ohun tí òórùn ẹja yíyan lẹ́bàá ọ̀nà lè ṣe fún èèyàn. Mo wá kẹ́ńkẹ́, oúnjẹ àgbàdo kíkan tí a fi ń jẹ ẹja níbẹ̀, títí ní Yábàá. Wọ́n gbé ẹ̀kọ fún mi, wọ́n ní ohun kan náà ni.

Nígbà àkọ́kọ́ tí ọmọ mi bọ́ sórí tẹlifóònù, ó ń sọ Yorùbá: "Màámi, ẹ káàsán o! Ìgbà wo lẹ ń bọ̀?" Lẹ́yìn ọdún kan, ó ń fi Twi, èdè àwọn Àṣàńtí, dáhùn ìdajì ọ̀rọ̀ mi. Lẹ́yìn náà, mo bi í bóyá ó jẹun, ó ní, "Màámi, ẹ fi Twi sọ ọ́. Ẹnu mi ti wúwo."

Orúkọ rẹ̀ nìkan ni kò yí padà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo bí i, àwọn Àṣàńtí sì ń pe ọmọbìnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ náà ní Abena. Nígbà tí Kwámé pe orúkọ yìí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ìyá mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pàtẹ́wọ́, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Àbẹ̀ní!" ó ní. "Ẹ wò ó, àna mi fún ọmọ mi ní oríkì!" Kò sí ẹni tó láyà láti sọ fún un pé orúkọ ọjọ́ ìbí lásán ni. Títí ó fi kú ló ń yin Kwámé fún un. Àwọn ará ilé bàbá ń pe Abena, àwa ń pe Àbẹ̀ní, ọmọ náà sì ń jẹ́ méjèèjì láìmọ̀ pé méjì ni.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Kwámé fúnra rẹ̀ ló dúró lórí tẹlifóònù. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ti rẹ̀.

"Ìyá Abena, ó máa parí ìwé rẹ̀ nígbà tí ọdún yìí bá parí. Ìyàwó mi tuntun ti bímọ, àbúrò mi sì fẹ́ gba yàrá tí Abena ń sùn sí. Ilé ìdílé ni, o mọ̀ ọ́n, n kò lè jà sí i. Tí o kò bá mú un, màá fi í ránṣẹ́ sí oko kòkó lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin."

"Kí ló máa ṣe níbẹ̀?"

"Ohun tí àwọn yòókù ń ṣe."

Mo ní kó fún mi títí di ìparí ọdún. Ó ní òun ti fún mi.

Mo wá yàrá kiri Súrùlérè. Onílé àkọ́kọ́ wo ẹ̀yìn mi, bí ẹni pé ẹnì kan ń bọ̀ lẹ́yìn. "Ọkọ yín dà?" Mo ní n kò ní ọkọ. Ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá, mi ò fẹ́ wàhálà." Ẹnì kejì ní tí mo bá lè mú ìwé wá láti ibi iṣẹ́ pé òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà pátápátá ni mí, òun á fojú fo ti ọkọ. Mo lọ bá Dókítà Bándélé. Ó gbọ́ mi dópin, ó sì sọ òótọ́ fún mi: tí àyẹ̀wò aláwọ̀ méjì yìí bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọ́n á dá ipò sílẹ̀ fún ẹni tó ń gé àti ẹni tó ń fọ̀. "Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ yìí, ìyá, wọ́n á ní kí n dá a dúró ni."

Òótọ́ ni, kò lọ dáadáa. Aró náà kì í pẹ́ lábẹ́ iná. Ká tó ṣẹ́jú díẹ̀ ó ti ń ṣá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wò ó ló gbọ́dọ̀ pe ohun tó rí, nítorí pé kí Dókítà tó ti wọ́ọ̀dù dé, kò ní sí nǹkan kan mọ́. Bọ̀ọ̀dá Múrí á wà nínú yàrá òkùnkùn náà, á máa ké sí mi níta: "Ewé!" "Pupa!" "Pupa!" Èmi á máa fi gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún Dókítà. Ewé nìkan wà, pupa nìkan wà, àwọ̀ kẹta kò yọjú rárá. Àwọn ọmọ tí ibà ń ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, Dókítà á wo orí ìwé wọn, á mi orí, á tún padà sí wọ́ọ̀dù.

Apólò ló gbà wá. Àrùn ojú yẹn ló ń jà ní gbogbo Èkó, ojú àwọn èèyàn ń pọ́n, ó ń ṣepin. Ó mú Bọ̀ọ̀dá Múrí. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ bo ojú, ó ní èmi ni kí n lọ wò.

Mo wọ inú yàrá òkùnkùn náà. Mo tan iná. N kò tíì rí i rí lẹ́yìn gbogbo ọjọ́ tí mo ti fi ń gé e. Òkùnkùn ni, àfi àwọn ìlà kékeré tó lọ́ pọ̀ bí òwú tó ta kókó, wọ́n ń tàn. Ó lẹ́wà débi pé mo gbàgbé láti sọ̀rọ̀.

"Àǹtí Gánà, ṣé ẹ ti sùn ni? Kí lẹ rí?"

"Ìyeyè," ni mo wí.

"Kí ni?"

"Ó dà bí ìyeyè."

"Ìyeyè kẹ̀? Èmi ń bi yín léèrè kídìnrín, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nǹkan jíjẹ. Àwọ̀ ńkọ́?"

"Àwọ̀ ọ̀hún ni mò ń sọ. Ìyá mi ta òwú ní Kùmásí. Bí a ṣe ń pe òwú tó ní àwọ̀ yìí nìyẹn. Kì í ṣe ewé, kì í ṣe pupa."

"Ẹ júwe ẹ̀."

"Bí àárín ẹyin adìẹ tí a sè."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé pupa kọ́ nìyẹn? Pupa ẹyin ńkọ́! Ohun tí mo ti ń pè fún yín látìgbà yìí náà nìyẹn!"

"Bọ̀ọ̀dá, tó bá wá dà bí ẹ̀jẹ̀, kí lẹ máa ń pè é?"

"Pupa náà ni." Ẹ̀rín rẹ̀ dúró. "Ta ni kì í pe epo ní pupa? Ta ni kì í pe òyìnbó ní pupa? Ta ni kì í pe…" Ó ṣí ọwọ́ kúrò lójú, ó wò mí pẹ̀lú ojú rẹ̀ tó wú. "Háà. Yéè. Èmi pẹ̀lú yín, a ti gbé e."

Dókítà dé, a ròyìn rẹ̀ fún un. Mo rò pé ó máa bínú. Ó dúró, ó gbá iwájú orí rẹ̀, ó ní ìyá òun náà ń pe òun ní pupa, kò sì sí ẹni tó fi òun wé ẹ̀jẹ̀ rí. Ó ní kí a padà sórí àwọn ẹran tó kù nínú yìnyín, ká tún gé gbogbo wọn. Lọ́jọ́ kejì, ewé tútù kan, ata rodo kan àti èso ìyeyè kan wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Bí a ṣe ń pè wọ́n láti ìgbà náà nìyẹn: ewé, ata, ìyeyè. Tí èso náà bá rọ̀, Bọ̀ọ̀dá Múrí á jẹ ẹ́, á ra òmíràn.

Ìyeyè jáde lára àwọn ọmọ tó yẹ kó ti jáde. Àyẹ̀wò náà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n fún mi ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ kí ọ̀yẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo gbé e lọ bá onílé, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́.

Àbẹ̀ní dé nínú ọ̀yẹ́ yẹn. Ó ti ga jù mí lọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi, Yorùbá rẹ̀ ń gbọ̀n lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó ń gun àkàbà. Mo rò pé tí mo bá ti fọwọ́ kàn án, gbogbo ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn á tán. Bọ̀ọ̀dá Jéékọ́bù wá ní ọjọ́ kẹta. Kò jókòó. Ó fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n ọmọ náà sókè, ó wò ó títí, ó ní, "Iwájú orí màámi rèé," ó sì jáde síta, ó dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó padà wọlé.

Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́, a ti ìjọ dé. Mo se ìrẹsì, mo dín ẹja. Kò jẹun. Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó kọjú sí ògiri. Àwọn ọmọ ayálégbé ń pariwo ní àgbàlá, rédíò ẹnì kan ń kọrin. Mo rò pé ó ti sùn lọ, àfi ìgbà tí mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì.

"Mepɛ sɛ mekɔ fie," ó ń sọ fún ògiri. Ó fẹ́ lọ sílé.

Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo ti pèsè sílẹ̀ fún un láti ọjọ́ pípẹ́. Pé ilé rèé. Pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Pé ó máa mọ́ ọn lára. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún mi ní ọdún tí mo dé ni, ní Yorùbá tó dáa. N kò sọ ọ̀kan nínú wọn. Mo bọ́ gèlè mi, mo sùn tì í lórí ẹní náà, mo fi èdè tí ó fi sunkún dá a lóhùn.

"Me nso," ni mo wí. Èmi náà.

Ẹkún rẹ̀ dúró. Ó yí padà, ó wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi.

"Ẹ̀yin náà, Màámi?" ó béèrè, ní Yorùbá.

"Lójoojúmọ́."